Overclocking: Bí wọ́n ṣe ń mú kí processor olówó pọ́ọ́kú sáré ju bí wọ́n ṣe tà á lọ

Ṣé ẹ ti gbọ́ táwọn tó ń gba géèmù tàbí tó ń ṣe fídíò ń sọ pé àwọn ti "overclock" kọ̀ǹpútà àwọn? Ohun tó túmọ̀ sí kò le rárá: kéèyàn mú kí processor, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà, máa sáré ju iye tí iléeṣẹ́ tó ṣe é kọ sí i lára lọ. Owó ló ń sún ọ̀pọ̀ èèyàn débẹ̀. Wọ́n fẹ́ ra èyí tówó ẹ̀ kéré, kó sì máa ṣe bí èyí tówó ẹ̀ pọ̀.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́

Aago kan wà lórí motherboard tó ń lù bí agogo táwọn onílù ń tẹ̀ lé. Processor á mú iye tí aago yẹn ń lù, á sì fi iye mìíràn tí wọ́n ń pè ní multiplier sọ ọ́ di púpọ̀. Bí aago bá jẹ́ 100 MHz, tí multiplier sì jẹ́ 32, eré processor jẹ́ 3,200 MHz, ìyẹn 3.2 GHz. Torí náà, ọ̀nà méjì ló wà: kẹ́ ẹ fi kún aago, tàbí kẹ́ ẹ fi kún multiplier. Inú BIOS lẹ ti máa ṣe é.

Èyí tó lókìkí jù: Celeron 300A

Lóṣù kẹjọ ọdún 1998, Intel gbé Celeron 300A jáde ní 149 dọ́là. Aago ẹ̀ jẹ́ 66 MHz, wọ́n sì ti ti multiplier ẹ̀ pa sí 4.5, ìyẹn 300 MHz. Ṣùgbọ́n motherboard tó lè lo aago 100 MHz ti wà lọ́jà. Ẹni tó bá gbé aago lọ sí 100 ti ní 450 MHz nìyẹn. Iye eré kan náà ni Pentium II tó ga jù nígbà yẹn ní, èyí tówó ẹ̀ lé ní 600 dọ́là! Kì í ṣe gbogbo Celeron 300A ló débẹ̀, àmọ́ ọ̀pọ̀ ló dé e.

Kí ló fà á? Iléeṣẹ́ máa ń dán processor wò kí wọ́n tó kọ iye eré sí i lára, wọ́n sì máa ń fi àyè sílẹ̀ nítorí ooru àti ọjọ́ ogbó. Bí ọjà olówó kékeré bá sì ń tà gan-an, èyí tó lè sáré náà á gba orúkọ èyí tó ń rọra lọ.

Ibi tó ti ń kọsẹ̀

Lọ́dún 2014, Intel gbé Pentium G3258 jáde ní 72 dọ́là láti fi ṣàjọyọ̀ 20 ọdún orúkọ Pentium, wọ́n sì ṣí multiplier ẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbé e láti 3.2 GHz kọjá 4 GHz. Àmọ́ core méjì péré ló ní. Nígbà tí géèmù Far Cry 4 jáde lọ́dún yẹn kan náà, ó kọ̀, kò ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀. Eré kò lè sọ core méjì di mẹ́rin.

Ooru tún wà ńbẹ̀. Bí eré bá fi 25 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i, tí volt náà fi 10 lé sí i, iná tí processor ń jẹ á fi bíi 50 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i. Ooru ni gbogbo ẹ̀ máa dà. Nínú yàrá tí kò sí A.C., tó jẹ́ pé inverter lẹ̀ ń lò, ẹ ronú sí i dáadáa.

Èyí tó burú jù ni àṣìṣe tí kì í pariwo. Kọ̀ǹpútà ò ní kú, àmọ́ ìṣirò á máa yẹ̀, fáìlì á sì máa bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀. Tó bá jẹ́ fídíò ìgbéyàwó oníbàárà ńkọ́?

Bí ẹ bá fẹ́ ṣe é

1. Ẹ wo processor yín. Ti Intel, àwọn tí K wà lẹ́yìn nọ́ńbà wọn ló sábà máa ń ṣí sílẹ̀, motherboard oní-Z ni wọ́n sì ń fẹ́. Ọ̀pọ̀ jù lọ Ryzen AMD ló ṣí sílẹ̀, àmọ́ motherboard A320 kò gbà á.
2. Ẹ kó fáìlì yín pa mọ́ síbòmíì. Ẹ nu eruku fáànù, kẹ́ ẹ sì pààrọ̀ paste tó ti gbẹ.
3. Ẹ máa fi ẹyọ kan ṣoṣo kún multiplier lẹ́ẹ̀kan.
4. Ẹ fi Prime95 dán an wò fún wákàtí mélòó kan, kẹ́ ẹ máa fi HWiNFO wo ooru ẹ̀.
5. Tó bá kú lójijì, ẹ padà sẹ́yìn. Tí kò bá tan mọ́, ẹ pa iná ẹ̀, kẹ́ ẹ yọ bátìrì kékeré orí motherboard fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kẹ́ ẹ dá a padà.

Ẹ rántí pé bó bá bàjẹ́ látàrí ẹ̀, iléeṣẹ́ tó ṣe é lè kọ̀ láti pààrọ̀ ẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ra desktop ọ́fíìsì tòkunbọ̀ n'Ìkẹjà ńkọ́? Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni BIOS wọn ti tì pa. Ẹ má da ara yín láàmú. Bó bá jẹ́ hard disk àtijọ́ ló ṣì wà nínú ẹ̀, SSD àti RAM ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ náwó lé. Ẹ máa rí ìyàtọ̀ ẹ̀ lọ́jọ́ kan náà.