Láti Ọ̀dọ̀ Beulah Dé Ọ̀dọ̀ Abíṣọ́lá: Ta Ló Ń Kọ Ọ̀rọ̀ Sí Obìnrin Adúláwọ̀ Lẹ́nu?

Iṣẹ́ tí wọ́n fún obìnrin adúláwọ̀ ṣe nínú eré tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà ni ọ̀pọ̀ lámèyítọ́ máa ń wò. Bó bá ti kúrò ní ọmọ ọ̀dọ̀, tó di lọ́yà, wọn a ní ayé ti yí padà. Èrò tèmi ni pé ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu ló yẹ ká kọ́kọ́ béèrè.

Ọdún 1950 ni ABC bẹ̀rẹ̀ Beulah. Ọmọ ọ̀dọ̀ ni Beulah nílé àwọn aláwọ̀ funfun, wàhálà ilé onílé ló sì ń bá wọn yanjú lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Orí rédíò ni ìwà ẹ̀dá ìtàn yìí ti ṣẹ̀ wá, ọkùnrin aláwọ̀ funfun kan, Marlin Hurt, ló sì kọ́kọ́ ń fọhùn bíi rẹ̀! Ẹ̀wù tí wọ́n ti rán sílẹ̀ ni Ethel Waters, obìnrin adúláwọ̀ tó kọ́kọ́ ṣe Beulah lórí tẹlifíṣọ̀n, àti àwọn tó tẹ̀ lé e kàn wọ̀.

Julia dé sórí NBC lọ́dún 1968. Diahann Carroll ló ṣe Julia, nọ́ọ̀sì àti opó tí ọkọ rẹ̀ kú sógun Vietnam. Ó kàwé, kò gbálẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Àmọ́ ọdún yẹn náà ni wọ́n pa Martin Luther King, àwọn kan sì bínú pé ayé Julia jìnnà sí ohun tójú adúláwọ̀ ń rí nígboro. Wọn ò purọ́. Hal Kanter, aláwọ̀ funfun, ló dá eré náà sílẹ̀.

Nọ́ọ̀sì náà ni Abíṣọ́lá inú Bob Hearts Abishola, tí CBS gbé jáde láti 2019 sí 2024. Òyìnbó tí àìsàn ọkàn kọlù ló tọ́jú ní Detroit, òun náà ló sì padà fẹ́. Tó bá jẹ́ iṣẹ́ la fi ń wọ̀n ọ́n, kò kúrò lójú kan. Ṣùgbọ́n Beulah gbọ́dọ̀ rẹ́rìn-ín kí wọ́n tó gbà á láyè. Abíṣọ́lá kì í rẹ́rìn-ín bọ̀rọ̀. Bó bá délé, àǹtí rẹ̀, Olú, ní òfin tirẹ̀, Délé ọmọ Abíṣọ́lá fẹ́ máa jó, ìyá rẹ̀ ní dókítà ni yóò dà. Ìjà yìí kò kan òyìnbó rárá. Nígbà mìíràn Yorùbá ni wọ́n ń sọ, kí ẹni tí kò bá gbọ́ lọ ka ìtumọ̀ nísàlẹ̀. Gina Yashere, tí àwọn òbí rẹ̀ ti Nàìjíríà wá sí London, wà lára àwọn tó dá eré náà sílẹ̀, ó bá wọn kọ ọ́, ó sì ṣe Kẹ́mi, ọ̀rẹ́ Abíṣọ́lá, nínú rẹ̀. Kì í ṣe pé eré náà kò lábùkù: ìtàn ọkọ Áfíríkà tó fi ìyàwó sílẹ̀, tí wọ́n lò níbẹ̀, ti di àlòkù.

Kí àwa olùwádìí dákun yéé fi iye dókítà àti lọ́yà inú eré ṣe ẹ̀rí. Orúkọ àwọn òǹkọ̀wé tó ń sáré kọjá bí eré bá parí ni ká kọ́kọ́ kà.