Ìyípadà Ètò Fáìlì Lórí Díìsìkì

Ètò fáìlì ni ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ ibi tí fáìlì kọ̀ọ̀kan wà lórí díìsìkì, bí ìwé tí aṣọ́lé-ẹrù fi ń mọ ibi tí ẹrù oníkálukú wà. Lórí Windows, mẹ́ta ló gbajúmọ̀: NTFS tó jáde ní 1993, FAT32 ti 1996, àti exFAT ti 2006. Ní Darkuman, ládùúgbò Kaneshie ní Accra, fíìmù kan ṣoṣo tó kọ̀ tí kò wọ inú fláàṣì ti tó láti gbé ọ̀rọ̀ yìí dìde. Fláàṣì náà lè gba 32 GB, kó sì ṣófo gbáú. Bó bá jẹ́ FAT32, fáìlì tó bá ti tó 4 GB kò ní wọlé. Olówó rẹ̀ á rò pé gbàrọgùdù ni wọ́n tà fún òun.

Ibi tí díìsìkì ń lọ ló yẹ kó pinnu ètò tí a ó fún un, kì í ṣe kọ̀ǹpútà tó wà níwájú ẹni. Mac ń ka NTFS, ṣùgbọ́n kì í dá kọ nǹkan sí i. Rédíò inú ọkọ̀ akérò trotro àtijọ́ sì lè má mọ̀ ju FAT32 lọ. Fún fláàṣì alárìnká, exFAT ni mo fara mọ́: Windows àti Mac mọ̀ ọ́n, Linux náà sì gbà á wọlé ní 2019, lẹ́yìn tí Microsoft gbé ìlànà rẹ̀ síta. Ẹnìkan lè ní exFAT kì í kọ ohun tó fẹ́ ṣe sílẹ̀ kó tó ṣe é, bí NTFS ti ń ṣe, pé bí iná bá lọ lójijì, fáìlì lè bàjẹ́. Òótọ́ ni, pàápàá nílùú tí iná tó ń lọ tó ń bọ̀ ti gba orúkọ, dumsor. Nítorí náà, díìsìkì tí kì í kúrò lára kọ̀ǹpútà Windows, NTFS ni kó máa lò.

Kí a tó yí ètò padà, ó yẹ ká kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà fáìlì wa. Àwọn mìíràn á ní kí ni wàhálà ẹ̀dà ṣíṣe, nígbà tí àṣẹ convert E: /fs:ntfs lè sọ FAT32 di NTFS láìpa nǹkan kan rẹ́. Àṣẹ náà wà lóòótọ́, àmọ́ kò mọ ọ̀nà àbọ̀, kò sì lè ṣe exFAT. Fọ́máàtì ló kù, òun ló sì ń pa gbogbo ohun tó wà lórí díìsìkì rẹ́. Ẹ kó fáìlì yín sí ibòmíràn, ẹ ṣí díẹ̀ nínú wọn wò níbẹ̀, kí ẹ sì wo lẹ́tà díìsìkì náà lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó tẹ Start nínú fèrèsé Format.