Olófòófó Ò Gbẹgbàá

Olófòófó ò gbẹgbàá. Ibi ọpẹ́ ló mọ. Láyé owó ẹyọ, ẹgbàá kì í ṣe owó yẹpẹrẹ. Ohun tí òwe náà ń sọ fún ẹni tó ti ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ gba ààfin lọ ni pé ọwọ́ òfo ni yóò bá padà sílé. Ọba á ní ó ṣeun, ó parí. Àwọn tí wọ́n sì ti jọ ń jẹ, tí wọ́n jọ ń mu, á máa yí ọ̀rọ̀ padà bó bá ti ń yọ lókèèrè.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí òwe yìí kò sọ. Kò sọ pé òpùrọ́ ni olófòófó. Ó ṣeé ṣe kí gbogbo ohun tó lọ rò lẹ́sẹ̀ ọba jẹ́ òótọ́ pọ́ńbélé. Ohun tí àwọn àgbà kórìíra ni bó ṣe gbé ọ̀rọ̀ kúrò níbi tí wọ́n ti sọ ọ́, tó gbé e lọ síbi tí yóò ti di nǹkan mìíràn. Ọ̀rọ̀ tí ènìyàn fi ìbínú sọ nídìí ẹmu, ìbínú ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bó bá dé ààfin, ó ti di ọ̀tẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ìlú kan kò lè wà láìní etí. Ọ̀yọ́ ní ajẹ́lẹ̀ láwọn ìlú tó ń sìn ín, Ìbàdàn náà fi ajẹ́lẹ̀ síbi tó ṣẹ́gun. Ṣùgbọ́n tọmọdé tàgbà ló mọ ilé ajẹ́lẹ̀, ẹni tó bá sì ń sọ̀rọ̀ níwájú rẹ̀ mọ etí tó ń gbọ́ òun. Olófòófó ni kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tó wọlé, kò sì sẹ́ni tó lè bi í léèrè ọ̀rọ̀.

Abidjan ni mo fẹ́ fi òwe yìí wò. Ìlú àwọn ènìyàn wa ni: ọmọ Èjìgbò tó bá ní òun kò lẹ́bí ní Treichville tàbí Adjamé, kí ó tún ìdí ilé wọn wádìí. Anàgó ni wọ́n ń pè wá níbẹ̀. Àwọn ará Abidjan náà sì ní orúkọ fún ẹni tí ẹnu rẹ̀ kò lè gba nǹkan dúró, kpakpato ni wọ́n ń pè é, orúkọ náà kì í sì í ṣe oríkì. Ṣùgbọ́n fóònù ti sọ gbogbo ìlú di kpakpato. Ohun tí wọ́n sọ nínú ẹgbẹ́ WhatsApp ní alẹ́, ẹnìkan á ti ya àwòrán rẹ̀ lójú fóònù, nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, ó ti wà lórí tábìlì ọlọ́pàá.

Èmi kò ní í sọ pé ibi ni gbogbo ìfisùn. Ní Ọjọ́rú, ọjọ́ 19 oṣù Karùn-ún 2021, fídíò kan ń ti orí fóònù bọ́ sórí fóònù ní Abidjan. Àwọn tó wọ aṣọ iṣẹ́ ìjọba ń lu àwọn ọkùnrin kan nínú rẹ̀ bí ẹní lu bàrà. Àlàyé tí wọ́n so mọ́ ọn ni pé àwọn ọmọ Côte d'Ivoire ni wọ́n ń fìyà jẹ lórílẹ̀-èdè Niger. Kíá, àwọn ọ̀dọ́ ti jáde ní Abobo, wọ́n jáde ní Angré àti láwọn àdúgbò mìíràn, wọ́n ń wá ọmọ Niger kiri. Àwọn wo ni wọ́n ń wá? Àwọn tó ń ta omi, àwọn tó ń sun ẹran lẹ́bàá títì, àwọn tó ń dín ẹja sórí attiéké tí gbogbo Abidjan ń pè ní garba, tí òṣìṣẹ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ fi ń pa ebi ọ̀sán. Wọ́n fọ́ ṣọ́ọ̀bù wọn, wọ́n kó wọn lẹ́rù, wọ́n ṣe wọ́n léṣe. Ó kéré tán, ẹnìkan bá a lọ. Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá tó ń rí sí ọ̀ràn ayélujára tú ìdí ọ̀rọ̀ náà wò, Nàìjíríà ni wọ́n ti ya fídíò ọ̀hún, ó sì ti pẹ́ tí wọ́n ti yà á. Niger kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Ẹni tó bá rí fídíò yẹn láàárọ̀, tó rí ohun tí àwọn ènìyàn ń kọ sábẹ́ rẹ̀, tó sì sáré pe ọlọ́pàá, ta ni yóò pè é ní olófòófó? Olùgbàlà ni. Ẹran ara ènìyàn ló fẹ́ gbà sílẹ̀. Àwọn tí mo ń sọ yìí, àlejò bí àwa náà ni wọ́n, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń wá wọn kiri kò sì ní í dúró fi Niger wé Nàìjíríà kí wọ́n tó ju òkúta.

Iléeṣẹ́ tí wọ́n ń fi irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀ tó létí ni PLCC, ẹ̀ka ọlọ́pàá tó ń gbógun ti ìwà ọ̀daràn orí ẹ̀rọ, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2011. Nítorí àwọn brouteurs ni, ìyẹn àwọn tí àwa ń pè ní ọmọ Yahoo, tí wọ́n ti sọ orúkọ Abidjan di nǹkan mìíràn létí òyìnbó. Òfin tí PLCC rọ̀ mọ́ ni òfin 2013-451, ti ọjọ́ 19 oṣù Kẹfà 2013. Ẹsẹ 66 nínú rẹ̀, bí wọ́n ṣe kọ́kọ́ kọ ọ́, ní kí ẹni tó bá fi ikú tàbí ìwà ipá halẹ̀ mọ́ ẹlòmíràn lórí ẹ̀rọ lọ ẹ̀wọ̀n ọdún 2 sí 5. Bó bá jẹ́ nítorí ẹ̀yà tàbí ẹ̀sìn ẹni náà ni, ìyà rẹ̀ tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tọkàntọkàn ni mo fi fara mọ́ ẹsẹ náà. Nǹkan bí 3,000 ènìyàn ló kú nínú ìjà tó tẹ̀lé ìbò 2010. Ìbò 2020 náà gba ẹ̀mí tó lé ní 80. Nílùú tí irú èyí ti ṣẹlẹ̀, ẹni tó bá kọ ọ́ pé òun á wá sun ilé àwọn Dioula tàbí ti àwọn Baoulé kò ṣàwàdà, kò sì yẹ kí a dúró di ìgbà tí yóò ṣáná.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dojú rú ni ìgbà tí ẹni tí ẹ̀rù ń bà bá jẹ́ ìjọba fúnra rẹ̀. Ẹ̀rù ìjọba kì í ṣe ẹ̀rù ẹni tó ń dín ẹja. Ẹni tó ń dín ẹja mọ ilé tí wọ́n fẹ́ jó àti ọjọ́ tí wọ́n dá fún un. Ìjọba lè bẹ̀rù ọ̀rọ̀ tí kò ní ọwọ́ tí kò ní ẹsẹ̀, ó sì ní ẹ̀wọ̀n nílẹ̀ tó lè fi wo ẹ̀rù náà sàn.

Côte d'Ivoire ti rí èyí rí kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ nípa íntánẹ́ẹ̀tì. Ní 1963, wọ́n gbé ìròyìn wá fún Ààrẹ Félix Houphouët-Boigny pé àwọn kan ń dìtẹ̀ sí i. Wọ́n kó mínísítà, wọ́n kó dókítà, wọ́n kó akẹ́kọ̀ọ́jáde, wọ́n dà wọ́n sí ẹ̀wọ̀n Assabou ní Yamoussoukro, ìlú ààrẹ fúnra rẹ̀. Jean-Baptiste Mockey, tó ti bá a ṣiṣẹ́ tipẹ́, gba ìdájọ́ ikú. Wọ́n mú Ahmadou Kourouma náà, tí gbogbo ayé padà mọ̀ sí òǹkọ̀wé ńlá. Ernest Boka, ẹni tó jẹ́ olórí ilé ẹjọ́ gíga jù lọ lórílẹ̀-èdè náà, wọ ẹ̀wọ̀n yẹn ní 1964, òkú rẹ̀ ni wọ́n gbé jáde. Kí ni wọ́n rí? Ní 1971, Houphouët-Boigny fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé kò sí ọ̀tẹ̀ kankan, pé àwọn agbófinró tó gbé ìròyìn wá ló tan òun. Ó mú àwọn kan nínú àwọn tí wọ́n fi sẹ́wọ̀n padà sídìí iṣẹ́. Mockey tún di mínísítà. Boka kò lè padà. Samba Diarra, tó wà lára àwọn tó jẹ ìyà náà, kọ ìtàn rẹ̀ sílẹ̀ nínú ìwé kan tó jáde ní 1997.

Ohun tó ń dùn mí nínú ìtàn yìí ni pé kò sẹ́ni tó bi àwọn tó gbé ọ̀rọ̀ wá ní ìbéèrè lójú àwọn tí wọ́n fi sùn. Yorùbá ní agbẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Bí wọ́n bá kó olùfisùn àti ẹni tí wọ́n fi sùn jókòó síwájú ara wọn fún ọjọ́ kan péré, irọ́ náà kò ní í pẹ́ ọdún mẹ́jọ kó tó tú.

Abidjan ní ojúde tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ òṣèlú tẹ́lẹ̀. Sorbonne ni wọ́n ń pè é, ní Plateau, láàárín àwọn ilé gogoro. Àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ á dìde dúró, wọ́n á máa ṣàlàyé ayé, èrò á pé lé wọn lórí. N kò ní í fi oyin sí i lójú yín: nígbà ìjọba Ààrẹ Laurent Gbagbo, tirẹ̀ ni wọ́n ń gbè níbẹ̀, oró sì máa ń jáde lẹ́nu wọn sí àwọn ará Àríwá àti àlejò. Ṣùgbọ́n ojú ni wọ́n fi ń rí ara wọn. Ẹni tó sọ̀rọ̀ wà níbẹ̀, ẹni tó gbọ́ wà níbẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ já a nírọ́ lè pariwo láti ẹ̀yìn. Ní 2011, lẹ́yìn tí Gbagbo ṣubú, wọ́n wó ibẹ̀ palẹ̀. Ọ̀rọ̀ kò tán. Ó kó lọ sórí Facebook, níbi tí ẹni tó ń gbọ́ kì í ti í kọ́ mọ́ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lára.

Ní oṣù Keje 2025, akọ̀ròyìn ọmọ Benin kan, Hugues Comlan Sossoukpè, wá sí Abidjan síbi àpérò lórí ìmọ̀ ẹ̀rọ ayélujára. Òun ni olùdarí ìwé ìròyìn orí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń jẹ́ Olofofo, tó máa ń bẹnu àtẹ́ lu ìjọba Benin kíkankíkan. Tógò ló sá sí, ibẹ̀ ni wọ́n ti gbà á gẹ́gẹ́ bí ẹni tó wá ibi ìsádi. Wọ́n mú un ní Abidjan, wọ́n fi í lé Benin lọ́wọ́, kí ọ̀sẹ̀ sì tó yí po, ó ti wà níwájú ilé ẹjọ́ CRIET ní ilẹ̀ Benin. Ẹ̀sùn tí wọ́n kà sí i lọ́rùn ni pé ó ń ti àwọn ènìyàn sí ọ̀tẹ̀, pé ó ń rú ìkórìíra sókè, pé ó ń fi ẹ̀rọ yọ ènìyàn lẹ́nu, pé ó ń yin àwọn apániláyà. Ẹ̀wọ̀n ló gbà lọ láti ibẹ̀. Ọdún kan ṣáájú ìyẹn, ní oṣù Kẹjọ 2024, wọ́n gbé Steve Amoussou ní Lomé dé Kútọnu, wọ́n ní òun ni ohùn tí kò fojú hàn tó ń bú ìjọba lórí ẹ̀rọ. Àwọn ìlú etíkun wa yìí, tí oníṣòwò ń gbà kọjá lójoojúmọ́ láti Èkó dé Abidjan, ti di ibi tí ìjọba kan ti ń bá ìjọba kejì mú ẹlẹ́nu.

Ní oṣù Keje 2025 kan náà ni Alain Traoré, ọmọ Burkina Faso tí wọ́n mọ̀ sí Alino Faso, kú sí àtìmọ́lé ní Abidjan. Láti oṣù Kìíní ọdún náà ni wọ́n ti mú un, pé ó ń bá ìjọba ilẹ̀ òkèèrè ṣe amí. Agbẹjọ́rò ìjọba ní ó pokùnso. Ìjọba Burkina Faso ní àwọn kò gbà bẹ́ẹ̀. Oṣù mẹ́fà ló lò lẹ́yìn ilẹ̀kùn láìrójú adájọ́ tí yóò gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ ní gbangba. Ẹni tó bá jẹ̀bi pàápàá, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni kí ó gbọ́ ohun tí wọ́n ní ó ṣe, kí ó sì fèsì.

Nílé níbí ńkọ́? Wọ́n mú agbẹjọ́rò Délé Fárótìmí ní Èkó ní oṣù Kejìlá 2024, wọ́n gbé e lọ sí Adó-Èkìtì nítorí ìwé tó kọ tó kan Olóyè Afẹ́ Babalọlá. Wọ́n fi òfin ìwà ọ̀daràn orí ẹ̀rọ ti 2015 kún ẹ̀sùn rẹ̀, òfin tí ilé ẹjọ́ ECOWAS ti sọ ní 2022 pé ẹsẹ 24 rẹ̀ tako ẹ̀tọ́ láti sọ̀rọ̀. Àwọn ọba, tí Ọọ̀ni ṣáájú wọn, ló lọ bẹ Olóyè ní oṣù Kìíní 2025, ó sì fọwọ́ wọ́nú. Inú mi dùn pé wọ́n parí rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mélòó nínú àwọn ọmọ tó wà látìmọ́lé nítorí ohun tí wọ́n kọ ni ọba mẹ́wàá lè dìde bá bẹ̀bẹ̀?

Ní Abidjan, bí ilẹ̀ bá ti mọ́, àwọn ènìyàn á dúró níwájú àwọn tó ń ta ìwé ìròyìn, wọ́n á máa ka àkọlé tí wọ́n so kọ́ láìra ìwé kankan, wọ́n á sì máa jiyàn lé e lórí. Titrologues ni wọ́n ń pè wọ́n. Akọ̀ròyìn tó kọ àkọlé yẹn ní ààbò: òfin 2017-867, ti oṣù Kejìlá 2017, kò gbà kí wọ́n jù ú sẹ́wọ̀n nítorí ẹ̀ṣẹ̀ tó jẹ mọ́ iṣẹ́ ìròyìn, owó ìtanràn ni wọ́n lè bù fún un. Ẹni tó dúró níwájú rẹ̀ tó ń kà á, bó bá délé tó kọ èrò tirẹ̀ sójú òpó rẹ̀, òfin 2013 ló ń dúró dè é, ẹ̀wọ̀n sì wà nínú ìyẹn. Ilé aṣòfin ti tún àwọn ẹsẹ kan nínú òfin 2013 ṣe ní 2023, ó lè tún un ṣe sí i. Kí wọ́n fi ìhàlẹ̀ ikú sílẹ̀ bó ṣe wà. Èébú sí aláṣẹ àti àròsọ nípa ìjọba, kí wọ́n fún titrologue ní ààbò kan náà tí wọ́n fún akọ̀ròyìn, kí ẹni tó bá sì fi í sùn fi orúkọ ara rẹ̀ sílẹ̀ níwájú adájọ́.