Ohùn, Àwòrán àti Fóònù: Bí Ẹ̀kọ́ Ṣe Ń Dé Ilẹ̀ Kétu

Kí ẹnikẹ́ni tó gbé fóònù wọ ilẹ̀ Kétu ni àwọn baba ńlá wa ti ń da orin, ère, aṣọ àti ijó pọ̀ láti fi kọ́ ìlú lẹ́kọ̀ọ́. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni mo ń sọ, èyí tí ọ̀pọ̀ ìtàn gbà pé Kétu ló ti ṣẹ̀. Lóru Ẹ̀fẹ̀, tí í ṣe òru orin Gẹ̀lẹ̀dẹ́, nínú ọjà, akọrin á bú olè, á bá aláṣejù wí, á súre fún ìlú. Ère tó wà lórí oníjó Gẹ̀lẹ̀dẹ́ lè jẹ́ ejò tó ń bá ẹyẹ jà, ó sì lè jẹ́ ẹni tó ń gun alùpùpù, nítorí agbẹ́gilére kì í fojú fo ohun tuntun. Lọ́dún 2001 ni àjọ UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ gẹ́gẹ́ bí ogún gbogbo ayé.

Ilé ìwé kò bá ọ̀nà yẹn lọ. Nígbà tí Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fẹnu ọ̀rọ̀ ààlà jóná lọ́dún 1889, Kétu, tó wà ní Bẹ̀nẹ̀ lónìí, bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Ìmẹ̀kọ, tó wà ní Nàìjíríà, bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, èdè Faransé sì gba gbogbo ilé ìwé Kétu. Lẹ́yìn ilé ìwé ni ẹ̀rọ dé: Kútọnu bẹ̀rẹ̀ rédíò lọ́dún 1953. Ní Ìbàdàn, iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá 1959. Níjẹ̀ gbé tẹlifíṣọ̀n wọ kíláàsì lọ́dún 1964, Côte d'Ivoire tẹ̀ lé e lọ́dún 1971, ṣùgbọ́n èdè Faransé ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ, Côte d'Ivoire sì dá tirẹ̀ dúró lọ́dún 1982. Lójú tèmi, ẹ̀rọ tó ń sọ èdè tí ọmọ kò gbọ́ nílé, iṣẹ́ rẹ̀ kò lè ju ìdajì lọ.

Lọ́dún 1975 ni ìjọba Bẹ̀nẹ̀ gbé álífábẹ́ẹ̀tì kan kalẹ̀ fún àwọn èdè ilẹ̀ náà. Níbẹ̀, ohun tí ará Ìmẹ̀kọ ń kọ ní «ẹ» àti «ọ», ará Kétu ń kọ ọ́ ní «ɛ» àti «ɔ». «Ṣ» di «sh», «p» di «kp». Títí dòní, tí ọmọ ìhín àti ọmọ ọ̀hún bá pàdé lórí WhatsApp, àkọtọ́ méjì ni wọ́n fi ń kọ èdè kan ṣoṣo, ọ̀pọ̀ a sì pa àmì tì pátápátá. Bí wọ́n bá fi ohùn ránṣẹ́, ààlà yẹn ò sí mọ́.

Òfin oṣù kẹjọ 1997 ló ṣí afẹ́fẹ́ sílẹ̀ fún rédíò aládàáni àti ti ìlú, Kétu náà sì ní tirẹ̀, Alákétu FM. Àgbẹ̀ tó gbé rédíò kékeré kọ́ sára igi lóko ń gbọ́ èdè ìyá rẹ̀ bó ti ń roko.

Lẹ́yìn rédíò ni fóònù, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wa. Ní oṣù kẹsàn-án 2018, ìjọba bu owó orí lé Facebook, WhatsApp àti àwọn ẹgbẹ́ wọn: sẹ́fà 5 lórí mẹ́gábáìtì kan. Fídíò ẹ̀kọ́ tó tó mẹ́gábáìtì 20 yóò gba sẹ́fà 100 ní owó orí nìkan, yàtọ̀ sí owó dátà. Àwọn ọ̀dọ́ fi àmì #TaxePasMesMo ké gbàjarè, láàrin ọjọ́ mélòó kan ìjọba sì fagi lé e. Ká ní owó yẹn dúró ni, ta ni ìbá rí fídíò ẹ̀kọ́ wò ní oṣù kẹta 2020, nígbà tí àrùn kòrónà ti ilé ìwé pa títí di oṣù karùn-ún?

Àjọ Access Agriculture, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 2012, ti ń tú fídíò iṣẹ́ àgbẹ̀ sí oríṣiríṣi èdè, Yorùbá sì wà nínú wọn. Ẹnikẹ́ni lè gbà á sórí fóònù, kó sì fi Bluetooth pín in fún ará oko láìná kọ́bọ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́ Kétu, Pobè àti Sakété, bí ẹ bá fẹ́ ṣe fídíò fún àwọn ọmọ, ẹ sọ Yorùbá nínú rẹ̀, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó kúrú, torí dátà díẹ̀ ni ọ̀pọ̀ òbí lè rà lẹ́ẹ̀kan.