Aṣojú: Ojú Ta Ni?

Tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀, mẹ́ta lo máa bá níbẹ̀: a, ṣe, ojú. Ó dà bí ẹni pé ó ti tán, àmọ́ "ṣojú" fúnra rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ onítumọ̀ kan. Bí ẹlẹ́rìí bá dúró ní kóòtù tó ní "ó ṣojú mi kòrókòró", ohun tó ń wí ni pé òun wà níbẹ̀ nígbà tí ọ̀ràn ṣẹ̀, kì í ṣe àgbọ́sọ. Bí mọ̀lẹ́bí bá sì rán ẹ̀gbọ́n kan lọ síbi ìdána pé kó lọ ṣojú àwọn, wọn ò rán an lọ wòran. Yóò jókòó síbi tí wọn ìbá jókòó sí, yóò sì dáhùn bí wọ́n bá pe orúkọ wọn. Ojú tó ń ríran wà nínú aṣojú, ojú tí ayé ń wò náà sì wà níbẹ̀. Ẹ tún fi ti ojú ogun, ojúbọ àti ojú agbo kún un, níbi tí ojú ti jẹ́ ibi tí nǹkan ti ń ṣẹlẹ̀ gan-an.

Nítorí náà, aṣojú kì í ṣe ońṣẹ́, tí tiẹ̀ parí nígbà tó bá ti jẹ́ iṣẹ́ tán. Kì í sì í ṣe agbẹnusọ. Agbẹnusọ lè wà nínú yàrá rẹ̀ kó fi ìwé ránṣẹ́ sáwọn oníròyìn. Aṣojú tí kò sí níbẹ̀ kò ṣojú ẹnikẹ́ni.

Harlem, ní ìlú New York, ni mo fẹ́ fi yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò. Láti 1945 títí di ìgbà tí mò ń kọ èyí, èèyàn mẹ́ta péré ló ti ṣojú Harlem ní Ilé Aṣojú tó wà ní Washington: Adam Clayton Powell Kékeré, Charles Rangel àti Adriano Espaillat. Nọ́ńbà ẹkùn ìdìbò wọn ni kò dúró sójú kan. 22 ni wọ́n pè é nígbà tí Powell kọ́kọ́ wọlé, ó di 16, ó di 18. Lọ́wọ́ Rangel nìkan, ó ti 18 bọ́ sí 19, ó padà sí 16, ó di 15, kó tó wá di 13. Ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá ni Amẹ́ríkà ń ka èèyàn rẹ̀, tí wọ́n sì ń tún ìjókòó 435 pín láàárín àwọn ìpínlẹ̀. New York tó ní ìjókòó 45 nígbà ayé Powell ti ku 26 báyìí.

Ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, ilẹ̀ ni ẹkùn. Ẹkùn Ọ̀tún wà, Ẹkùn Òsì wà, Oníkòyí ló sì ṣe olórí Ẹkùn Òsì. Ọmọ Ìkòyí kan kì í jí láàárọ̀ kó gbọ́ pé nọ́ńbà ẹkùn òun ti yí padà lóru. Ní Amẹ́ríkà, ìlà tí wọ́n fà sórí máàpù ni ẹkùn, ẹni tó di gègé mú ló sì mọ ibi tó máa gbé e gbà. Èèyàn dúdú ti kún Harlem fọ́fọ́ tipẹ́tipẹ́ kó tó di 1944, wọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní ìwé ìròyìn, ṣùgbọ́n ìlà àwọn ẹkùn gé àdúgbò náà sí wẹ́wẹ́ débi pé ibò wọn kò lè para pọ̀ gbé ẹnì kan wọlé. Ìgbà tí wọ́n tún ìlà náà fà ni Harlem tó ní ojú tirẹ̀.

Ojú ọ̀hún kò sì mọ ìtìjú. Powell ni pásítọ̀ ìjọ Abyssinian Baptist, ní òpópónà 138 apá ìwọ̀-oòrùn, láti 1937 tó ti gbà á lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Nígbà tó dé Washington ní oṣù kìíní 1945, aṣòfin dúdú kan ṣoṣo ló bá níbẹ̀, William Dawson láti Chicago. Yàrá ìjẹun Ilé náà, ti aláwọ̀ funfun ni. Ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ wọn, bákan náà. Powell kó àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ tó jẹ́ dúdú àtàwọn àlejò tó ti Harlem wá, ó ní ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ jẹun, wọ́n sì wọlé lọ jókòó. Ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ń jẹ́ ẹ fún. Mi ò mọ ohun tó tún fi ìtumọ̀ aṣojú hàn ju ìjókòó yẹn lọ.

Ní 1961 ó di alága ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ètò ẹ̀kọ́ àti iṣẹ́. Òfin tó fi kún owó oṣù tó kéré jù lọ àti òfin ńlá tó fún ilé ẹ̀kọ́ lówó ní 1965, abẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n gbà kọjá. Àbá tó ti ń dá lọ́dọọdún, pé kí ìjọba má fi owó fún ibikíbi tó bá ń ya dúdú sọ́tọ̀, ló wá wọnú òfin ẹ̀tọ́ aráàlú ti 1964.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu kan ló lé e kúrò nílé. Ní 1960 ó sọ lórí tẹlifíṣọ̀n pé obìnrin kan ní Harlem ló ń bá ọlọ́pàá gba rìbá. Obìnrin náà pè é lẹ́jọ́, ó jàre, Powell kọ̀ kò sanwó, kóòtù sì ní kí wọ́n mú un. Òfin New York kò gba kí wọ́n fi ìwé kóòtù bẹ́ẹ̀ lé èèyàn lọ́wọ́ lọ́jọ́ Ìsinmi. Powell kúkú wá ń wá sí Harlem lọ́jọ́ Ìsinmi nìkan: á wàásù, á kí ìjọ, á sì ti lọ kí Mọ́ńdè tó mọ́. Ìyókù ọ̀sẹ̀, ó lè wà ní Washington, ó sì lè máa fi ìwọ̀ pẹja ní erékùṣù Bimini. Àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ fi ṣẹ̀fẹ̀. Ní tèmi, aṣojú tó ń yọ́ wọ ẹkùn tirẹ̀ ti ń ba ọ̀rọ̀ náà jẹ́ díẹ̀díẹ̀.

Ní oṣù kẹta 1967, lórí ẹ̀sùn pé ó ṣe owó ìgbìmọ̀ rẹ̀ báṣubàṣu, Ilé dìbò, 307 sí 116, pé kò gbọdọ̀ jókòó mọ́. Ìgbìmọ̀ tí wọ́n gbé kalẹ̀ ti ní kí wọ́n bá a wí, kí wọ́n gba owó ìtanràn lọ́wọ́ rẹ̀, kí wọ́n sì jẹ́ kó jókòó. Wọn ò gbà. Powell ni wọ́n lé, Harlem ni wọ́n fọ́ lójú. Ní oṣù kẹrin, Harlem tún dìbò yàn án, 86 nínú ọgọ́rùn-ún, ìjókòó náà sì ṣófo títí wọ́n fi tún yàn án lẹ́ẹ̀kan sí i ní 1968. Oṣù kìíní 1969 ni wọ́n tó gbà á wọlé, pẹ̀lú owó ìtanràn 25,000 dọ́là, wọ́n sì fi í sẹ́yìn bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

Ẹjọ́ tó pè dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ. Orúkọ ẹjọ́ náà ni Powell àti McCormack, McCormack sì ni abẹnugan Ilé nígbà náà. Ẹni tó bá ń gbọ́ Yorùbá yóò rẹ́rìn-ín: aṣojú àti abẹnugan, ojú àti ẹnu ló gbé ara wọn lọ sí kóòtù. Ojú ló jàre. Ní oṣù kẹfà 1969, adájọ́ àgbà Earl Warren kọ ọ́ pé ohun mẹ́ta ni ìwé òfin béèrè: kí èèyàn pé ọdún 25, kó ti jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè fún ọdún méje, kó sì máa gbé ní ìpínlẹ̀ tó ti wọlé. Ilé kò láṣẹ láti fi ẹ̀kẹrin kún un. (Ìpínlẹ̀ lo rí yẹn o, òfin ọ̀hún kò béèrè pé kó máa gbé nínú ẹkùn.) Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Harlem fúnra rẹ̀ lo àṣẹ tí Ilé kò ní. Rangel fi ibò bí 150 na Powell nínú ìdìbò abẹ́lé 1970.

Ọdún 46 ni Rangel lò. Ọmọ Harlem gan-an ni, ó sì fara gbọgbẹ́ lójú ogun Kòríà. Òun ni dúdú àkọ́kọ́ tó ṣe alága ìgbìmọ̀ owó orí, ní 2007. Òun náà ni wọ́n ní kó dúró níwájú Ilé ní oṣù Kejìlá 2010, tí Nancy Pelosi, abẹnugan, ka ìwé ìbáwí sí i létí lẹ́yìn ibò 333 sí 79, nítorí owó orí tí kò san àti àwọn ìlànà míràn tó tẹ̀ lójú. Harlem ti dìbò fún un lóṣù tó ṣáájú, ó sì padà sí ìjókòó rẹ̀.

Nígbà tí Espaillat, tí wọ́n bí sí Dominican Republic, wọlé ní 2016 lẹ́yìn tó ti fìdí rẹmi lọ́wọ́ Rangel lẹ́ẹ̀mejì, àwọn kan ní ìjókòó Powell ti bọ́ lọ́wọ́ dúdú. Wọ́n gbàgbé pé Puerto Rico ni bàbá Rangel ti wá. Wọ́n tún gbàgbé pé àwọn tó ń gbé ẹkùn náà ti yí padà ṣáájú ẹni tó ń ṣojú wọn. Ọ̀rọ̀ tiwa kò sọ pé kí ojú jọ olójú. Ohun tó béèrè ni kí ó wà níbẹ̀, kí ó sì jẹ́ pé ẹni tó ni ín nìkan ló lè yí i padà. Ìgbà kan ṣoṣo ni ẹlòmíràn gbà á lọ́wọ́ Harlem láti 1945, ilé ẹjọ́ sì ní wọn kò láṣẹ.