Federal Palace: Hòtẹ́ẹ̀lì Etí Omi

Nígbà tí à ń wá ibi tí a ó ti ṣe ayẹyẹ ọdún mẹ́wàá yìí, ẹnìkan dárúkọ Federal Palace ní Victoria Island, ni ìpàdé bá dàrú. Akápò ní owó gbọ̀ngàn náà ju agbára ẹgbẹ́ lọ. Báńkì ni àwa ti ń jẹun, a mọ̀ pé òótọ́ ló sọ. Gbọ̀ngàn ìlú la padà sí, ṣùgbọ́n ìtàn hòtẹ́ẹ̀lì náà kò kúrò lọ́kàn wa.

Ní 1947, Ivor Cummings, òṣìṣẹ́ ìjọba Ìlú Ọba tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Sierra Leone, wá sí Èkó. Wọ́n ti gba yàrá sílẹ̀ fún un ní Bristol Hotel. Nígbà tí wọ́n rí i pé aláwọ̀ dúdú ni, wọn kò gbà á wọlé. Ní Èkó o, nílẹ̀ àwọn bàbá wa! Ìlú gbóná, ìwé ìròyìn pariwo, títí Gómìnà Richards fi pàṣẹ lọ́dún náà pé kí ìyàsọ́tọ̀ nítorí àwọ̀ dópin.

Ní 1960 tí òmìnira dé, A. G. Leventis, oníṣòwò ọmọ Cyprus, ṣí Federal Palace sí ẹ̀bá omi tí ọkọ̀ òkun ń gbà wọ Àpápá. Bàbá Ìsàlẹ̀ wa ní inú ọkọ̀ ojú omi lòun ti kọ́kọ́ rí i lálẹ́, tí iná rẹ̀ ń tàn lórí omi. Òun kò rò ó rí pé òun lè wọ ibẹ̀.

Níbẹ̀ ni àwọn olórí ìjọba Commonwealth ti pàdé ní ọjọ́ 11 àti 12 oṣù kìn-ín-ní 1966, lórí ọ̀rọ̀ Rhodesia. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọn yóò ṣe irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ níbòmíràn yàtọ̀ sí London. Tafawa Balewa gbà wọ́n lálejò. Harold Wilson wà níbẹ̀. Ọjọ́rú ni wọ́n parí. Nígbà tó fi di Sátidé, àwọn ológun ti gbé Balewa lọ. Makarios, olórí Cyprus, kò tilẹ̀ tíì kúrò ní Nàìjíríà. Enugu ló wà.

Àwọ̀ kọ́ ló ń lé èèyàn lẹ́nu ọ̀nà mọ́, àpò ni. Akápò ti gbà kí a máa tọ́jú owó díẹ̀díẹ̀ de ayẹyẹ ọdún 15. Bàbá Ìsàlẹ̀ ní bí Ọlọ́run bá dá ẹ̀mí òun sí, ìjókòó tó kọjú sí omi lòun fẹ́.