Ẹgbẹ́ Kegites

Ẹgbẹ́ Kegites jẹ́ ẹgbẹ́ ẹlẹ́mu láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní Nàìjíríà. Ọdún 1962 ni wọ́n dá a sílẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀, nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ náà ṣì wà n'Íbàdàn. Palmwine Drinkards' Club ni wọ́n kọ́kọ́ sọ ọ́, láti inú ìwé Amos Tútùọlá tó jáde ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1952.

Gyration ni wọ́n ń pe ìpàdé wọn. Wọn a yí akèrègbè ká, wọn a ta ẹmu sílẹ̀ fún àwọn ará ìṣáájú, igbá a máa ti ọwọ́ dé ọwọ́, ìlù a sì gbòde. Ẹmu kì í dúró de apẹ́lẹ́yìn: èyí tó dùn láàárọ̀ á ti kan kó tó di alẹ́, á sì le. Ilya ni orúkọ ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, Chief ló ń darí rẹ̀.

Torí pé wọ́n ní ètò ìgbaniwọlé àti èdè tiwọn, àwọn kan ń kà wọ́n mọ́ ẹgbẹ́ awo. Àṣìṣe gbáà ni. Gbangba ni wọ́n ti ń mu. Bí a bá fi wọ́n wé ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ibòmíràn, Ivy Club ti Yunifásítì Princeton l'Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ alájọjẹun tó ti wà láti 1879, ní ilé ńlá, síbẹ̀ kò gba obìnrin títí di àwọn ọdún 1990. Kegites kò ní irú ilé bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n tọkùnrin tobìnrin ló ń gba igbá níbẹ̀. Ẹgbẹ́ náà ti tàn dé ọ̀pọ̀ yunifásítì àti pọlitẹ́níìkì, àwọn tó ti kẹ́kọ̀ọ́ jáde náà sì ń bá a lọ.